Ojú Ewé Ilé: Odídẹrẹ́ Tí Ó Kọ Oúnjẹ

Àwa náà wà lára àwọn tí ó ṣòfò lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ tí a sì gbé wá sí ojú ewé yìí, láti ìdí òkú náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a sìnkú ìyá wa tán ní Ìwó, tí a pín aṣọ, tí a pín ìkòkò, ó wá ku odídẹrẹ́ rẹ̀ nìkan. Ẹyẹ náà ti lo ogún ọdún ó lé lọ́dọ̀ màmá, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ gbà á. Lóòótọ́, kò ṣeé ṣe kí a ki ará Ìwó tán kí a má dárúkọ odídẹrẹ́, ṣùgbọ́n kí a kì í yàtọ̀ sí kí a máa gbá ìgbẹ́ rẹ̀. Àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ ni a gbé e, nítorí pé ohùn màmá gan-an ni ẹyẹ náà fi ń sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti jí?” Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Sábóńgàrí, tí èdè Haúsá yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, á sì dáhùn pé, “A ti jí, Màmá.”

Ní òpin ìpàdé ẹgbẹ́ wa, a máa ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ, gbogbo wa a sì ṣe àmín. Ẹyẹ yìí kò tíì lo oṣù méjì ní Kánò tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àdúrà náà di irọ́ mọ́ wa lẹ́nu. Ẹ̀pà nìkan ni ó ń jẹ, àti búrẹ́dì tí a bá rì sínú tíì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni màmá ti ń bọ́ ọ. A gé ìbẹ́pẹ fún un, ó sọ ọ́ nù. A fi ẹ̀fọ́ hàn án, ó sá lọ sí igun àgò rẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni rí ejò. Ìyẹ́ rẹ̀ kò dán mọ́, kò sì kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lórí igi tí ó dúró lé, ó sì já bọ́ lulẹ̀.

Dókítà àwọn ẹran tí a gbé e lọ bá gún un lábẹ́rẹ́, ó sì bá wa wí díẹ̀. Ó ní ẹ̀pà kún fún òróró, ṣùgbọ́n kò ní fítámì A, èròjà kálísíọ̀mù tí ń mú egungun le kò sì tó nínú rẹ̀. Irú odídẹrẹ́ tiwa yìí, eléérú onírù pupa, ni àìtó kálísíọ̀mù tètè máa ń mú, a sì máa fa gìrì fún un. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó yí wa lọ́kàn padà, pé kì í ṣe ìgbéraga ni ẹyẹ náà fi ń kọ oúnjẹ. Ẹ̀rù ni. Ẹyẹ tí kò rí ìbẹ́pẹ rí kò mọ̀ pé oúnjẹ ni.

Ará ilé wa kan ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fi ebi pa á fún ọjọ́ mélòó kan, pé bí ebi bá dé yóò jẹun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Gíráàmù 400 sí 500 péré ni odídẹrẹ́ ń wọ̀n, kò ní ẹran lára tí yóò fi gba ebi. Ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun ni a rà, a sì ń wọ̀n ọ́n ní àràárọ̀ kí ó tó jẹun. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá dín nínú ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò lọ, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria.

Ẹ̀pà ńkọ́? A kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, a kàn yọ ọ́ kúrò nínú àwo díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di owó iṣẹ́. Ta ni yóò ṣiṣẹ́ nítorí ohun tí ó kún àwo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Nísinsìnyí ẹ̀pà mẹ́fà ni tirẹ̀ lójúmọ́, àwọn tí a yan láìfi iyọ̀ sí, a sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Bí ó bá gun ọwọ́ wa, ó gba ẹyọ kan. Bí ó bá fi ẹnu kan kárọ́ọ̀tì, ìbáà ṣe pé ó sọ ọ́ nù lẹ́yìn náà, ó gba ẹyọ kan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kí ẹ fún un o, kí ó tó gbàgbé ohun tí ó ṣe. Kí ẹ sì wo ẹ̀pà náà dáadáa, nítorí èyí tí ó bá ti bu ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ohun tí ó wá ṣí i lẹ́nu gan-an, ìjowú ni. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Irene Pepperberg ra odídẹrẹ́ kan ní ọdún 1977, ó sọ ọ́ ní Alex, ẹyẹ náà sì mọ orúkọ nǹkan tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún kí ó tó kú ní ọdún 2007. Ènìyàn méjì ni í jókòó níwájú ẹyẹ náà. Ọ̀kan á mú nǹkan dání, á bi èkejì pé kí ni èyí. Bí èkejì bá dárúkọ rẹ̀, á gbà á. Alex á máa wò wọ́n, á máa jowú, títí òun náà á fi fẹ́ dá sí i. Bí ó bá sì pe orúkọ nǹkan náà bó ti tọ́, nǹkan náà gan-an ni èrè rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa àti àbíkẹ́yìn wa ṣe jókòó síwájú àgò láàárọ̀, nígbà tí ebi díẹ̀ ti wà nínú ẹyẹ. “Kí nìyí?” “Ìbẹ́pẹ ni.” “Gbà, jẹ ẹ́.” Ọmọ náà á jẹ ẹ́, á máa pọ́n ẹnu lá. A kò tilẹ̀ wo ojú ẹyẹ. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó na ọrùn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó já a gbà. Èrè mìíràn tí a kò retí ni pé ọmọ náà, tí ó ti ń pe ìbẹ́pẹ ní gwanda, ti ń pe é bó ti yẹ.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń jẹ kárọ́ọ̀tì, máńgòrò, àgbàdo tútù, gero, ewé zogale tí a fọ̀ dáadáa, àti ẹ̀wà tí ó jinná, nítorí èyí tí kò jinná ní májèlé. A máa ń lọ èèpo ẹyin tí a ti sè kúnná, a sì ń wọ́n ọn sí i. Oòrùn àárọ̀ náà ṣe pàtàkì, kí ara rẹ̀ lè lo kálísíọ̀mù náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ibòji wà nítòsí, ẹ mọ bí oòrùn ìlú yìí ṣe rí. Ata pupa ni ó wá fẹ́ràn jù; ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu rárá. Oúnjẹ tútù tí ó bá kù, kí ẹ kó o kúrò láàárín wákàtí méjì kí ó tó kan.

Píà lè pa á. Ṣokoléètì, ọtí àti àlùbọ́sà kò dára fún un, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ inú àkàrà. Tíì àti kọfí kò sí fún ẹyẹ, obì pẹ̀lú, nítorí ohun kan náà tí ó wà nínú kọfí ni ó wà nínú obì. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń bu obì fún ẹyẹ àlejò yín, ẹ jọ̀wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí èyí lọ ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú igbó. Wọ́n ti ń tán lọ, débi pé ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES pàdé ní Johannesburg, tí wọ́n fòfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Èyí tí ó wà nílé tẹ́lẹ̀ ni kí a tọ́jú, ó lè lo 40 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan ni a kò rí tó níhìn-ín. Ẹyìn ni oúnjẹ odídẹrẹ́ nínú igbó, fítámì A sì kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ti ilé bọ̀ kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé, kí ó bá wa mú ẹ̀kúnwọ́ méjì wá, tútù ni o, kì í ṣe sísè. A ó san owó rẹ̀.