Egungun Àwọn Ìyá Wa

Bí ìyá àgbà bá ṣubú nínú ilé, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán, àwọn ènìyàn a ní, "Ogbó ló dé." Àwa kò fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, egungun rẹ̀ a máa dín agbára kù, láìsí ìrora tí yóò kìlọ̀ fún un.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Sheffield gbé ètò FRAX jáde. Wọn a béèrè ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara, sìgá, ọtí, egungun tí ó ti kán rí, àti bóyá ìbàdí òbí ẹni kán. Ìdáhùn ni wọ́n fi ń ṣírò ewu ọdún 10 tí ń bọ̀. South Africa ti ní ìṣirò tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní Bruma, ní Johannesburg, lè fi mọ obìnrin tí ó yẹ kí ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí ń wọn líle egungun.

Kí ìjọba mú irú ètò bẹ́ẹ̀ dé gbogbo ilé ìwòsàn wa, láti Ìbàdàn dé Òǹdó. Ìbéèrè kì í náni lówó púpọ̀. Ẹgbẹ́ tí ń tọrọ ìbò àwọn ìyá gbọ́dọ̀ tọ́jú egungun tí wọ́n fi ń dúró lórí ìlà ìdìbò.