Ẹni Tó Ra Orúkọ Àtijọ́, Ọ̀nà Ló Rà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà lójú yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi dé ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá gan-an ni.

Ó ti di àṣà pé bí ẹnì kan bá ti ń tọ́jú ìkànnì lórí ayélujára fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò wá rówó ọdún san mọ́, tàbí tí ọlọ́jọ́ dé bá a, ẹlòmíràn yóò ra orúkọ ìkànnì náà. Ẹni tó rà á yóò ṣe bí ẹni pé ohunkóhun kò sí níbẹ̀ rí, yóò sì kọ́ tuntun lé e. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní owó òun ni òun fi rà á. Èmi kò bá a jiyàn lórí owó. Ohun tí mo ń bá a jiyàn lé lórí ni pé kò mọ ohun tí ó rà.

Lẹ́tà mẹ́wàá tàbí méjìlá tó para pọ̀ di orúkọ kò gbówó lórí. Orúkọ tuntun pọ̀ nílẹ̀ tí ènìyàn lè fi owó táṣẹ́rẹ́ gbà. Ohun tó mú kí ti àtijọ́ wọ́n ni àwọn ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀. Olùkọ́ kan ní Ìbàdàn ti tọ́ka sí ojú ewé kan níbẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi líǹkì rẹ̀ sí ìkànnì ẹgbẹ́ wọn. Ẹlòmíràn ti fi ṣe ẹ̀rí lábẹ́ àyọkà kan nínú Wikipedia èdè Yorùbá. Láti 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin ti gbé ọgbọ́n PageRank jáde ní Yunifásítì Stanford ni Google ti ń fi irú ìtọ́kasí báyìí mọ ojú ewé tó níyì. Ó ń wo ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn mọ́ ọn lónìí, ṣùgbọ́n ìtọ́kasí kò tíì kúrò lára wọn. Ẹ sì kíyè sí i: ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí, kì í ṣe orúkọ lásán. Ẹni tó tọ́ka sí ojú ewé tó sọ nípa ìlù gángan kò tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Bí ojú ewé náà bá ti di àwátì, tí sáfà ń dáhùn pé 404, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Iyì tó ń gba ibẹ̀ wọlé kò ríbi gbà mọ́. Oníkànnì tuntun yóò wá máa wo oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, yóò máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ẹ̀rọ ìwárí kò rí òun. Òun fúnra rẹ̀ ló dí ọ̀nà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ àwa tí a wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní èyí. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó, tí wọ́n wá tẹ̀ dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830 lábẹ́ ìdarí Ṣódẹkẹ́, wọn kò wí pé níwọ̀n ìgbà tí ibùdó ti di tuntun, kí gbogbo orúkọ di tuntun. Aké gba ibi tirẹ̀, ó ń jẹ́ Aké. Ìkìjà ń jẹ́ Ìkìjà, Ìtòkò ń jẹ́ Ìtòkò, Kémta ń jẹ́ Kémta. Àwọn ará Òwu dé ní 1834, wọn kò sì torí bẹ́ẹ̀ pa Òwu tì. Ẹni tó ti mọ ará Ìkìjà kan ṣáájú ogun, kí ó ṣáà wọ Abẹ́òkúta, kí ó béèrè Ìkìjà. Wọn ó mú un débẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní 301 lónìí kò ju èyí lọ. Àmì tí sáfà fi ń sọ fún ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn àtijọ́ ni: ẹni tí ẹ ń wá ti kó lọ sí ibi báyìí pátápátá, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ. 302 yàtọ̀ sí i; òun ń wí pé onílé lọ sí ìrìn àjò, yóò padà. Mo ti rí àwọn tó fi 302 síbi tó yẹ kí 301 wà, tí wọ́n sì gbowó iṣẹ́.

Àwọn kan tún wà tí ìwà ọ̀lẹ wọn lọ́nà. Wọn yóò darí gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìkànnì tuntun, wọn yóò ní àwọn ti ṣe é tán. Ó dà bí kí a kó ará Aké, ará Ìkìjà àti ará Òwu, kí a dà wọ́n sí ẹnu ibodè, kí a ní wọ́n ti délé. Google kì í sábà gbà á; bíi 404 ló máa ń ka irú rẹ̀ sí. Ojú ewé kan sí ojú ewé kan ni kí a máa darí, èyí tó sọ nípa oríkì sí èyí tó sọ nípa oríkì. Èyí tó sì sàn jù ni kí a má ṣe darí ohunkóhun: kí a fi ojú ewé sílẹ̀ sí àdírẹ́ẹ̀sì tó wà tẹ́lẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ rí jákujàku. Tim Berners-Lee tó dá ayélujára sílẹ̀ ti kọ ọ́ láti 1998 pé kò yẹ kí àdírẹ́ẹ̀sì máa yí padà. Google ní kí a jẹ́ kí ìdarí wà fún ó kéré tán ọdún kan. Ọdún kan kẹ̀? Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ ní 2006 ṣì wà nínú yàrá ìkàwé lónìí, àdírẹ́ẹ̀sì inú rẹ̀ kò lè yí padà mọ́. Ní tèmi, kí ìdarí wà níwọ̀n ìgbà tí orúkọ bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹni.

Ọ̀fàdà ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, a sì mọ ohun tí orúkọ lè ṣe. Ìrẹsì tí a kì í bó dán, tó ní òórùn tirẹ̀, tí a ń pọ́n sínú ewé eéran, ló sọ orúkọ ìlú kékeré yìí di orúkọ oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí kò tẹ ilẹ̀ wa rí. Nítorí pé orúkọ náà ń tà, àwọn kan ń pa ìrẹsì mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ ní Ọ̀fàdà. Ohun tí àwọn kan ń ṣe sí orúkọ ìkànnì àtijọ́ gan-an nìyí. Wọn yóò ra orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ ìwé kíkà tàbí mọ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, wọn yóò wá pàtẹ tẹ́tẹ́ síbẹ̀, kí ẹ̀rọ ìwárí lè rò pé ará ilé ni wọ́n. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2024, Google kéde pé òun yóò máa ka irú èyí sí ìwà jìbìtì, òun yóò sì máa fà á sẹ́yìn nínú àbájáde ìwárí. Ẹni tó bá fẹ́ jàǹfààní orúkọ àtijọ́, kí ó máa tajà tó jọ ti àtijọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tí ń ta ìmọ̀ràn lórí nǹkan wọ̀nyí máa ń fò dá. Rírà orúkọ kì í ṣe rírà ohun tí a kọ síbẹ̀. Ní 2024, àwọn kan ra orúkọ ìkànnì ìròyìn Amẹ́ríkà kan, TUAW, tó ti kógbá sílé ní 2015. Wọn kò ra àwọn àyọkà àtijọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ kún un, wọ́n sì fi orúkọ àwọn akọ̀ròyìn àtijọ́ sí abẹ́ ohun tí wọn kò kọ. Ariwo ta. Irú èyí kò jọ títún ilé kọ́. Gbígbé agọ̀ òkú wọ̀ ni. Bí o bá ra orúkọ ìkànnì Yorùbá kan, wá ẹni tó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, kí o gba àṣẹ. Bí o kò bá rí wọn, fi ọ̀rọ̀ tìrẹ kọ nǹkan tuntun lórí kókó kan náà sí àdírẹ́ẹ̀sì kan náà, kí o sì tọ́ka sí ẹ̀dà àtijọ́ tó wà nínú Wayback Machine, èyí tí ilé iṣẹ́ Internet Archive ṣí fún gbogbo ayé ní 2001. Ibẹ̀ náà ni o ti máa rí àkójọ àwọn ojú ewé tó wà tẹ́lẹ̀. Òun ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó máa yan àwọ̀ àti àwòrán. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí àmì ohùn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Púpọ̀ nínú àwọn ojú ewé Yorùbá ìgbà náà ni a fi fọ́ǹtì àdáni tẹ̀. Lójú ènìyàn tó ní fọ́ǹtì náà, ẹ àti ọ àti ṣ ló ń rí; lójú ẹ̀rọ ìwárí, wúruwùru ni. Ẹni tó bá dà wọ́n kọ sórí ìkànnì tuntun láì yí wọn sí Unicode, ó kó ẹrù tí kò sí ẹni tó lè kà á. Ní ti àdírẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjà àmì ohùn yóò bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àmì sí i. Ọ̀rọ̀ náà «ofada» jẹ́ lẹ́tà márùn-ún. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí «ọ̀fàdà» nínú àdírẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ lè sọ ọ́ di àmì 29 tó kún fún %, tí kò sì sí ẹni tó lè pè é fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Yàtọ̀ sí èyí, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà tẹ ọ̀ nìkan: kí a tẹ ọ kí a fi àmì ìsàlẹ̀ ohùn lé e, kí a tẹ ò kí a fi ẹ̀tọ̀ sí i nídìí, tàbí kí a tẹ o lásán kí a fi méjèèjì kún un. Ọ̀kan náà ni lójú wa. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú sáfà, méjì nínú wọn sì lè dáhùn 404. Orí àyọkà àti inú rẹ̀ ni kí àmì ohùn pé sí, kí ó pé pérépéré.

Àwọn kan yóò ní àwọn ojú ewé àtijọ́ náà kún fún àṣìṣe, kí ni a fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ẹ tún wọn ṣe níbi tí wọ́n wà. Àyọkà tó níláárí ní èdè wa kò tíì pọ̀ tó èyí tí a lè máa sọnù.

Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ìfọ́lé 1867 ló pa á, síbẹ̀ àwọn ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà tí onímọ̀ ń kà. Ìwé ìròyìn NEXT, tí Dele Olojede tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2005 dá sílẹ̀ ní Èkó, kógbá sílé ní 2011. Àwọn àyọkà Wikipedia ṣì ń tọ́ka sí 234next.com, ìtọ́kasí náà kò sì mú ẹnikẹ́ni dé ìdí ìròyìn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní orúkọ .com lọ́wọ́, ẹ ṣírò yìí pẹ̀lú mi. Bí ẹ kò bá san owó ọdún, tí wọ́n sì ti pa orúkọ náà rẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ẹ ní láti rà á padà, owó rẹ̀ a sì máa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ márùn-ún ló kù kí ó di ti ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ nawọ́. Bí ẹ bá mọ àgbàlagbà kan tó ní irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, kí ẹ sì bi í kí ọjọ́ ìsanwó tó pé.