Ó Yẹ Kí A Máa Bọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Ń Kọ́ṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1973 ni ITF dá ètò SIWES sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga lè fi ojú rí ohun tí ó kà nínú ìwé lẹ́nu iṣẹ́. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ kọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń tó o.

Bí ọmọ àgbẹ̀ kan láti Ìsẹ̀ tàbí Emùré bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí bíi NISER ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wádìí ọ̀rọ̀ ajé fún ìjọba, yóò wọkọ̀, yóò gba yàrá, yóò sì jẹun. Bí kò bá ní ẹbí níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fún un ní nǹkan, ilé ni yóò padà sí. Ọmọ olówó ni yóò kù. Lọ́jọ́ iwájú, ẹni tí kò mọ ọ̀nà oko ni yóò máa gba ìjọba nímọ̀ràn lórí iṣu àti kòkó.

Àwọn kan lè sọ pé ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá láyé àtijọ́ ń jẹ nínú oúnjẹ ọ̀gá, ó sì ń sùn sí ilé rẹ̀.

Ní tèmi, kí ilé iṣẹ́ tí ó bá gba akẹ́kọ̀ọ́ máa fún un ní owó oúnjẹ àti ibùsùn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré náà máa gba àwọn ọmọ wa sí ọ́fíìsì wọn. Nígbà náà ni ọmọ tálákà pẹ̀lú yóò lè dá sí ọ̀rọ̀ ìlú.