Ìgbà Tí Ara Bá Dá Ṣáṣá Ni Kí Ẹ Lọ

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Bódìjà àti ní Mushin, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá ọmọ yín tọ́ ọmọ. Ìgbà wo ni nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yẹ ẹnu ilé ọmọ yín wò kẹ́yìn? N kò sọ ti ìgbà tí ẹ lóyún tí wọ́n ń tẹ ikùn yín wò o. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá ohun tó ń di jẹjẹrẹ kó tó dà á ni mò ń béèrè. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni kò ṣe é rí, ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2022, obìnrin tó lé ní 13,000 ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ mú ní Nàìjíríà, ó sì pa nǹkan bí 7,000. Bí ẹ bá pín iye tó kú sí ọjọ́, obìnrin bíi 19 ni lójúmọ́ kan. Bí a bá yọ jẹjẹrẹ ọmú kúrò, kò sí jẹjẹrẹ mìíràn tó ń mú obìnrin wa tó o. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ṣàṣà ni jẹjẹrẹ tó ń fún èèyàn láyè tó èyí láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fà á. Harald zur Hausen, onímọ̀ ìṣègùn ará Jámánì, ló rí irú rẹ̀ tó burú jù nínú jẹjẹrẹ yìí lọ́dún 1983, iṣẹ́ náà ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2008. Inú ìbálòpọ̀ ni èèyàn ti ń kó o. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni: ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó ti ní ìbálòpọ̀ rí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló ń kó HPV nígbà kan láyé rẹ̀. Obìnrin tí kò mọ ọkùnrin mìíràn ju ọkọ rẹ̀ lọ lè ní in. Kí ìyá ọkọ má ṣe fi àyẹ̀wò yìí bú ìyàwó ilé, kí ọkọ má sì bi aya rẹ̀ pé níbo ló ti kó o wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara fúnra rẹ̀ á lé kòkòrò náà dànù láàárín ọdún méjì. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ni ewu. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ba ẹnu ilé ọmọ jẹ́, ó sì lè gbà á tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Lára obìnrin tó ní HIV tí kò lo oògùn, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ.

Ẹ wo bí ọdún 15 ti gùn tó. Ní gbogbo àkókò yẹn, obìnrin náà ń jí lọ ṣiṣẹ́, ó ń jó lóde àríyá, ó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, kò sí ibi kankan tó ń dùn ún. Ara rẹ̀ kò ní bá a sọ ọ́. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, tàbí tí omi tó ń rùn ń jáde lójú ara, tí ìbàdí ń ro, ó ṣeé ṣe kí jẹjẹrẹ ti wọlé. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Kó má ṣe pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, kó má sì máa ra àgbo kiri. Nítorí bí ó bá ti dé ibi ẹ̀rọ ìtànṣán, ẹ̀rọ náà kò pọ̀ ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ a sì máa mú kí ẹbí ta ilẹ̀, kí wọ́n ta mọ́tò.

Àyẹ̀wò náà kò tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Ẹ ó dùbúlẹ̀, ẹ ó ká orúnkún sókè, nọ́ọ̀sì yóò fi ohun èlò kékeré kan la ojú ara kó lè rí ẹnu ilé ọmọ. Yóò fi òwú kan omi kíkan tó dà bíi fínígà sí ibẹ̀, yóò dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ibi tó bá ti ń bàjẹ́ yóò funfun. Ó tán. Ó lè ni yín lára díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ti rọbí rí kò ní kà á sí ìrora. Bí ó bá funfun, kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ti mú yín: wọ́n lè fi ooru tàbí òtútù pa ojú ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì padà sílé lọ se ọbẹ̀. Àyẹ̀wò HPV fúnra rẹ̀ tún wà, èyí tí obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà nípa fífi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí ojú ara, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ìhòòhò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ti wà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Láti ọgbọ̀n ọdún ló yẹ kí a bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ní HIV yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 25. Nọ́ọ̀sì ló máa sọ ìgbà tí ẹ óò padà wá, nítorí kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. “Ta ló ń wá àìsàn lọ sílé ìwòsàn?” “Ọlọ́run ò ní jẹ́.” Àmín o. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ yín wà ní kékeré, ẹ gbàdúrà fún wọn, ẹ sì tún pọ̀n wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun tí mo rò pé ó ń dá wa dúró gan-an ni pé obìnrin ilẹ̀ wa ń lọ sílé ìwòsàn nítorí oyún àti nítorí ọmọ. Bí ó bá ti bímọ tán, ó parí. Nítorí tirẹ̀ nìkan, kò ní lọ. Àárín ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta sì ni àyẹ̀wò yìí wúlò jù fún un.

Nítorí náà, ẹ má lọ ní ẹyọ ẹyọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, ẹgbẹ́ ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, ẹ mú ọjọ́ kan, kí gbogbo yín lọ pọ̀. Kì í ṣe ibi gbogbo ni àyẹ̀wò náà ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ dá àjọ fún un bí ẹ ti ń dá àjọ aṣọ ẹgbẹ́. UCH n’Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe é, àwọn ilé ìwòsàn mìíràn náà ń ṣe é.

Ti àwọn ọmọbìnrin yàtọ̀: abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà HPV ni tiwọn, ìjọba sì ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti October 2023 ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun. Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara wọlé ní May 2024. Ọmọ ọdún 9 sí 14 ni, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni. Kò sí kòkòrò ààyè nínú rẹ̀, kò sì lè kó àrùn ran ọmọ. Kí ọmọ tó mọ ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ jù, ìdí tí wọ́n fi ń fún ọmọdé nìyẹn. Kò kọ́ ọmọ ní ìṣekúṣe.

Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ náà ń sọ obìnrin di àgàn. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sọ nípa àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lápá Àríwá lọ́dún 2003. Àwọn ọmọ tó gbà á nígbà náà ti ń pọn ọmọ tiwọn lónìí. Rwanda ti ń fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ HPV láti ọdún 2011, wọ́n sì ń bímọ. Ní Scotland, ìwádìí tó jáde ní 2024 kò rí jẹjẹrẹ yìí lára ẹnì kankan nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà pé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 12 sí 13. Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ìlera wa nígbà tí abẹ́rẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, sọ lójú gbogbo ayé pé àwọn ọmọbìnrin òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbà á.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin lẹ sábà máa ń sọ pé kí wọ́n má gún ọmọ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ fún ìyá wọn náà lówó ọkọ̀.

Ìwọ tí o bá ti pé ọgbọ̀n ọdún tí o kò ṣe é rí, lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí o béèrè ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹnu ilé ọmọ wò. Mú ọmọ rẹ obìnrin dání.