Ta Ló Tẹ Orúkọ Wa?

Wọ́n ti bú wa tó. Gbogbo ìgbà tí a bá ní a fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ fún GCE ní kàfé, ẹnìkan á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbé ojú kúrò lára fóònù látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin náà lẹ ń sanwó fún ẹni tó máa bá yín kọ orúkọ yín?" Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń sọ ọ́, àwọn olùkọ́ ń sọ ọ́, kódà a máa ń sọ ọ́ síra wa. Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn lónìí, torí ọ̀rọ̀ náà ti sú wa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn tí à ń pè ní "wa." Àwa tí a ṣe WAEC nílé ìwé, tí Ìṣirò fi D7 kí wa káàbọ̀. Àwa tí wọ́n dá èsì wa dúró nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn. Onídìrí tó ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, tó wá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tí wọn ò gbé ga níbi iṣẹ́ torí pé kírẹ́díìtì rẹ̀ ò pé márùn-ún. Lórí ìwé, olùdíje aládàáni ni wá. Ládùúgbò, ọmọ GCE ni wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí WAEC ti pa orúkọ GCE tì, tó ń pè é ní WASSCE. Ẹnu ò gbà. Nílé wa, GCE ni.

WAEC ti wà láti 1952. Láyé àwọn ìyá wa, orí fọ́ọ̀mù bébà ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò ló ń mú bíírò, tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Bó bá ṣì í kọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ṣì í kọ.

Íntánẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n ní ó ti rọrùn. Bí ẹ bá gbọ́ ìkéde náà, ẹ ó rò pé orí ibùsùn lèèyàn máa wà tí á fi ṣe é tán: ra PIN, wọlé sórí ìkànnì, kọ orúkọ rẹ, yan sọ́bújẹ́ẹ̀tì, ó parí. Ẹ wá dé ibẹ̀ wàyí. Fọ́ọ̀mù ń béèrè ìka ọwọ́. Kì í ṣe bí a ṣe ń fi ìka ṣí fóònù o. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí a máa fi ìka lé níkọ̀ọ̀kan. Ta ló ní irú rẹ̀ nílé? Àwa ò ní in. Ìyá wa ò ní in. Oníkàfé ló ní in. Ọjọ́ tí ìka ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ìforúkọsílẹ̀ ọwọ́ bọ̀ọ̀dá kàfé. Ẹ ò wá rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló gbé wa débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan nínú wa ní Rùká. Ìbàdàn ló ń gbé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó lọ sí kàfé kan ládùúgbò rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ìforúkọsílẹ̀ parí, torí ìgbà yẹn ni owó pé. (Ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò tètè lọ. Ẹni tó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì fi owó àjọ sanwó ìdánwò rí.) Èrò ti dí ẹnu ọ̀nà. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí bí òkòtó. Nígbà tó kàn án, bọ̀ọ̀dá ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà, kó lọ jókòó sẹ́yìn, òun á pè é bó bá ku ìka. Rùká kọ ọ́ bó ṣe wà lórí NIN rẹ̀: Ruqoyyah. Bọ̀ọ̀dá tẹ Rukayat. Ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé jáde ló rí i. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín: "Àǹtí mi, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Lẹ́nu wa, òótọ́ ni. Bí a bá ké é láti ìta, ọmọ kan náà ló máa dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣọlá: ẹnìkan á kọ Sola, ẹlòmíràn á kọ Shola, torí pé kò sí àmì abẹ́ ṣ nínú fọ́ọ̀mù. Oluwaseun àti Oluwasheun. Ganiyat àti Ganiyah. Orúkọ méjì tí ẹnìkan so pọ̀, tí ẹlòmíràn fi àlàfo sí láàrin. Etí Yorùbá ò ka ìyẹn sí. Kọ̀ǹpútà ò ní etí, lẹ́tà ló ń kà, bí ẹyọ kan bá sì ti yàtọ̀, èèyàn ọ̀tọ̀ ni. Pé fọ́ọ̀mù wọ̀nyí ò gba orúkọ wa bí Yorùbá ṣe ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ó kéré tán, kí ẹni tó máa jẹ́ orúkọ náà dọjọ́ alẹ́ fúnra rẹ̀ yan bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́.

Rùká yege. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, gbogbo rẹ̀. Máàkì JAMB rẹ̀ náà tó. Ó dé yunifásítì fún àyẹ̀wò ìwé, wọ́n ní ẹni tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yìí kọ́ ló wà lórí NIN. Ó lọ búra ní kóòtù. Wọ́n ní ìwé ìbúra nìkan ò tó, kó lọ tún un ṣe níbi tó ti bàjẹ́. Ó lọ, ó sanwó, ó dúró, ó tún padà lọ. Kó tó gba ìwé bọ̀, wọ́n ti parí ìgbàwọlé ọdún yẹn. Odindi ọdún kan bá lẹ́tà mélòó kan lọ. Ẹni tó tẹ lẹ́tà wọ̀nyẹn ti gba owó rẹ̀, ó ti gbàgbé ojú rẹ̀.

Ó kù. Ẹ lọ wo ímeèlì tó wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, kì í ṣe tiwa. Ti bọ̀ọ̀dá ni. Nọ́ńbà fóònù náà, tirẹ̀ ni, tàbí ti ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó ti kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìkìlọ̀, gbogbo ìyípadà ọjọ́, gbogbo páàsìwọ́ọ̀dù ń lọ bá ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ ju "bọ̀ọ̀dá" lọ. Ká tó rí nǹkan wa, a ó tún sanwó. Àwọn kan nínú wọn á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé sẹ́ńtà lásán lẹ fẹ́ àbí èyí tó dáa?" Ẹ mọ èyí tó ń jẹ́ èyí tó dáa. Ibi tí wọ́n ti máa kọ ìdáhùn sójú pátákó, tí wọ́n á sì wá dá èsì gbogbo gbọ̀ngàn dúró. Ẹni tí kò fẹ́ irú rẹ̀ rárá lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀, torí òun kọ́ ló yan sẹ́ńtà.

A ò sọ pé olè ni gbogbo oníkàfé. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ iṣẹ́ wọn, epo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìkànnì tó ń dákú-dájí náà ń jẹ wọ́n níyà. Ètò tó gba kálámù lọ́wọ́ wa fún ẹlòmíràn, tó tún wá sọ pé àwa la ni àṣìṣe, ìyẹn là ń bá jà.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Láti 2024 ni WAEC ti gbé ìdánwò àwọn olùdíje aládàáni ní Nàìjíríà lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè ń yọ lójú ẹ̀rọ, a ń fi máòsì yan A tàbí C. Èyí tó gba àlàyé gígùn nìkan la ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé. Wọ́n gbà nígbà náà pé a lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà dáhùn ìbéèrè Kẹ́mísírì. Tó bá wá kan orúkọ tí bàbá wa sọ wá, ká lọ jókòó sẹ́yìn.

Ẹnìkan á ní bí wọ́n bá yọ ìka kúrò, àwọn tó ń bá ẹlòmíràn jókòó ṣèdánwò á pọ̀ sí i. A gbà. Kí ìka dúró. Àmọ́ orúkọ, ọjọ́ ìbí, sọ́bújẹ́ẹ̀tì àti sẹ́ńtà, èwo nínú wọn ló kan ẹ̀rọ ìka? Kí a tẹ ìyẹn lórí fóònù wa nílé, kí ó jẹ́ pé ìka nìkan ló máa gbé wa dé kàfé. Kí kóòdù wá sórí fóònù tiwa kí bọ́tìnnì ìparí tó ṣiṣẹ́; ṣebí báǹkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí wa nítorí 100 náírà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì sì wà lẹ́yìn náà tí a lè fi tún lẹ́tà ṣe láìsan kọ́bọ̀.

Ọwọ́ tiwa náà ò mọ́ tán. "Ẹ ṣáà bá mi ṣe é" ti di orin lẹ́nu wa. Rùká rí àṣìṣe náà kó tó kúrò ní kàfé, ó sì ká ìwé sínú báàgì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé ojú ń ti òun láti bá ẹni tó ju òun lọ jiyàn níwájú èrò. Ẹ̀kọ́ ilé la pè é. Ẹ̀kọ́ ilé tó gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ, ó yẹ ká tún un yẹ̀ wò.

Lọ́dún yìí, àbúrò rẹ̀ ló kàn. Rùká tẹ̀lé e lọ. Kàfé mìíràn, bọ̀ọ̀dá mìíràn, ariwo jẹnẹrétọ̀ kan náà. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dìde díẹ̀, kí ọmọ yìí jókòó." Bọ̀ọ̀dá wò ó títí. Àwọn tó wà lórí ìlà ń kùn. Ó dìde. Ọmọ náà tẹ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ sókè, ó fi ímeèlì ara rẹ̀ sí i, ó yan sẹ́ńtà tó lè fẹsẹ̀ rìn dé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ìka lé ẹ̀rọ. Owó tí bọ̀ọ̀dá gbà kò dín ní náírà kan.