Ẹ Má Jẹ́ Kí Olùkọ́ Di Ìmọ̀ Lẹ́rù Lọ

Bí ìwé ìṣípòpadà bá dé bá olùkọ́ ní abúlé kan ní Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà, lẹ́bàá Ìbàdàn, rẹ́jísítà àti kọ́kọ́rọ́ ni hẹ́dímásítà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó mọ ọmọ tí kì í gbọ́ràn dáadáa, tó yẹ kó máa jókòó níwájú. Ó mọ̀ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ á bá bàbá wọn lọ gbin àgbàdo, ó sì mọ ẹ̀kọ́ tó yẹ kí òun ti kọ́ tán kí ìgbà náà tó dé. Ó ti rí i pé ìdá nínú ìṣirò tètè ń yé wọn bí òun bá gé iṣu lójú wọn. Gbogbo rẹ̀ ló ń bá a wọ ọkọ̀ lọ. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àwọn ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Tèmi ni pé kí a fòfin de ìwà yìí. Kí olùkọ́ kankan má kúrò nílé ìwé, kó má sì fẹ̀yìn tì, àfi bó bá ti jókòó ti ẹni tó ń bọ̀, tó sì ti fi nóòtù rẹ̀ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan á ní òógùn àwọn ni nóòtù náà, pé àpò àwọn làwọn ti ra bírò. Kí ìjọba ra bírò. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan: ara àwọn ọmọ abúlé ló ti dán an wò títí tó fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ tí a kò pín ti gbà lọ́wọ́ wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ju àwọn tó kúrò lórí Yorùbá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ. Wọ́n ṣe ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ àti fún olùkọ́. Fáfúnwá tilẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Síbẹ̀, títì tó lọ sí Ifẹ̀ láti Ìbàdàn gba Ẹgbẹ́dá kọjá. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ bi olùkọ́ bóyá ó ti fojú kan ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà rí.

Àwọn àgbẹ̀ wa ń ṣe àárò: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Kí ló dé tí ilé ìwé mẹ́ta tó wà nítòsí ara wọn ní Akínyẹlé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ẹnì kan kọ́ ọmọ, kí àwọn yòókù jókòó wò ó, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn olùkọ́ Japan ti ń ṣe irú rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Tiwa ni pé alábẹ̀wò á dé, á fi bírò pupa fọwọ́ sí nóòtù, á sì lọ. Nígbà ìgbéga, kí wọ́n máa béèrè pé: olùkọ́ wo lo ti kọ́ ní ohun tí o mọ̀?

NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá OYOSUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kó sì béèrè ohun tí iṣẹ́ náà nílò: ọjọ́ mẹ́ta fún ìfàléni-lọ́wọ́ kí olùkọ́ tó kúrò, àti àpótí irin kan tí ikán kò lè jẹ ní ọ́fíìsì hẹ́dímásítà kọ̀ọ̀kan.