Ẹ má torí òrùka dáyámọ́ńdì jẹ gbèsè

Ọ̀rọ̀ òrùka tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń rà kí ìdána tó dé ni mo fẹ́ ká jọ sọ.

Dáyámọ́ńdì ò burú. Ohun tí mo lòdì sí ni kí èèyàn lọ yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹsẹ́kù torí ẹ̀. Ìpolówó ọjà ló so òkúta yìí mọ́ ìfẹ́ tí kì í tán: ọdún 1947 ni wọ́n kọ èyí tó gbajúmọ̀ jù fún De Beers. Kì í ṣe ara ẹrù ìdána tiwa.

Tẹ́ ẹ bá ṣáà fẹ́ rà á, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà. Ìwọ̀n ni kárátì. Kárátì kan ò ju 0.2 gíráàmù lọ. Bí wọ́n ṣe gé òkúta náà ló ń jẹ́ kó tàn, torí náà kékeré tí wọ́n gé dáadáa sàn ju ńlá tí ò tàn lọ. Ní ti àwọ̀, láti D dé Z ni wọ́n ń kà á. Tó bá ti wà lára òrùka, ojú lásán kì í sábà mọ ìyàtọ̀ D àti G, àmọ́ àpò yín á mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan ń pe èyí tí wọ́n ṣe nílé ẹ̀rọ, ìyẹn lab-grown, ní ayédèrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kábọ́ọ̀nù kan náà ni, dáyámọ́ńdì gidi ni, owó ẹ̀ sì kéré gan-an sí ti inú ilẹ̀. Ti inú ilẹ̀ náà ní ìtàn tiẹ̀: nígbà ogun Sierra Leone, láti 1991 dé 2002, dáyámọ́ńdì làwọn ọlọ̀tẹ̀ ń tà fi ra ìbọn.

Moissanite ni kì í ṣe dáyámọ́ńdì. Ó rẹwà o, kò sì burú tẹ́ ẹ bá sọ òótọ́ fún ìyàwó. Àmọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ooru yẹ òkúta wò lè pè é ní dáyámọ́ńdì, torí náà ẹ má gbára lé ẹ̀rọ yẹn nìkan. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí, bíi ti GIA, kẹ́ ẹ sì yẹ nọ́ńbà ẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹni tó bá sì ní ìfowópamọ́ ni, ẹ bi í pé ta ló máa rà á padà. Oníwúrà á wọn wúrà yín, á sì sanwó. Ẹni tó ta dáyámọ́ńdì fún yín gan-an kì í sábà fẹ́ rà á padà níye tó tà á.

Lẹ́yìn òrùka, ọkọ̀ tó máa kó mọ̀lẹ́bí láti Port Harcourt dé Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ń bẹ níwájú. Ẹrù ìdána ń bẹ níbẹ̀, owó ilé náà ń bẹ níbẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jókòó ti ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ́, kẹ́ ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí iye tágbára yín ká. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òkúta díwọ̀n ọkọ ọmọ yín.

Èrò tèmi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín.